Ó Tó

Wọ́n kọ ọ́ sára dígí ọ̀tún, lẹ́tà tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà:
ohun tí o rí níbí sún mọ́ ọ ju bó ṣe hàn lọ.
Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rín pa mí.
Dígí wo ló ń purọ́, tó tún ń jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi wa píkọ́ọ̀pù láti Ìkirè sí Gbọ̀ngán,
àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn, dígí kan ṣoṣo, òun náà ti là sí méjì.
N kì í wò ó. Ta ní ń wò ó?
Múfútáù ni dígí mi.
Yóò ti bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró,
yóò máa fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ọkọ̀:
Máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀,
ṣẹ́ ẹ sósì, máa bọ̀,
ó tó!
Bí Múfútáù bá ti ní ó tó, ó ti tó nìyẹn,
bó tilẹ̀ ku ìka kan kí n wó ògiri Alájì.

Ní Wínípẹ̀gì, ta ni yóò bẹ́ sílẹ̀ fún mi?
Ìbíyẹmí ọmọ mi jókòó lápá ọ̀tún,
ohùn tí mo fi kọ́ ọ ní a, b, d ló fi ń kọ́ mi:
“Bàámi, ẹ tẹ dígí yẹn wálẹ̀ díẹ̀,
kí ẹ lè rí táyà, kí ẹ lè rí etí títì.
Bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ búlúù yẹn bá ti wọ igun fèrèsé yín,
ẹ yí síárìn tán pátápátá.
Ẹ má wo iwájú.”
Ẹ má wo iwájú!
Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú,
bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Èmi ò tíì ṣubú, ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí n máa wò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò.
Obìnrin tó ń yẹ̀ mí wò kò pariwo, kò fajú ro,
ó kàn fi bírò sàmì sínú ìwé: táyà gun etí títì.
Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní mo jìnnà sí i bí ẹni tí a jọ ń jà.
Láàárín kí n gùn ún àti kí n sá fún un,
ibo ni ẹsẹ̀ bàtà kan wà?

Yìnyín wá dé, etí títì ò sí mọ́.
Gbogbo ilẹ̀ funfun bí láfún tí ẹnìkan dà nù.
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo ti ibi iṣẹ́ dé, aago mọ́kànlá ti kọjá,
àyè kan ló kù ní Sájẹ́ǹtì, ó há bí ọrùn ìgò.
Mo wo dígí ọ̀tún, mo wo tòsì, mo wo tòkè:
ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ wọn ò ṣọ̀kan.
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí;
alákàn náà ló sì mọ bí a ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn.
Òun ló yẹ kó wa ọkọ̀ yìí.

Ni ìlẹ̀kùn kan bá ṣí lódìkejì.
Rodẹ́lì, ará Filipíìnì, tí ọ̀rọ̀ wa ò ju “ẹ káàárọ̀” lọ,
jáde nínú sílípáàsì, kóòtù lórí aṣọ oorun.
Kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀, nínú pupa iná bíréèkì,
ó ń fi ìka pè mí bí ẹni ń pe adìyẹ.
Nínú dígí ọ̀tún, ó kéré, ó jìnnà,
mo rántí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.
Mo ń bọ̀. Mo ń bọ̀.
Ó gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbì, gbì.
Ó sọ nǹkan kan ní èdè tirẹ̀.
N ò gbọ́ èdè náà. Mo tẹ bíréèkì.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ wọn àlàfo náà:
bàtà kan, ó lé ìka mẹ́ta.
Rodẹ́lì mi orí sí i, ó ti wọlé kí n tó dúpẹ́.
Mo padà jókòó sínú ọkọ̀, n ò tíì pa á.
Ilẹ̀ ti ń mọ́ ní Ìkirè.
Mo wá nọ́ńbà Múfútáù, èyí àtijọ́,
mo tẹ̀ ẹ́.
Ó ń dún.